Ọ̀nà Wo Ló Dára Jù Láti Yọ Iṣan Tí A Ó Fi Gba Ẹsẹ̀ Là?

Olùkọ́ ni mí nílùú Òdògbolú, n kì í ṣe dókítà. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan délé wa ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 tó sọ èmi náà di akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ yẹ kí ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi gbọ́, nítorí agbo ilé tí kò ní ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu kò wọ́pọ̀ mọ́ láàárín wa.

Àbúrò bàbá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà nílùú ọba. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtọ̀gbẹ sì tún dé bá wọn lọ́jọ́ ogbó. Bàtà tuntun kan ló ha wọ́n ní ìka ẹsẹ̀ òsì. Egbò kékeré ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, kò jinná. Ìka náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti dí láti itan títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ó ní bí a kò bá la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀, gígé ni ẹsẹ̀ náà ń lọ. Iṣan mìíràn tí yóò wá láti ara Bàbá fúnra wọn ni yóò fi la ọ̀nà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ìpàdé ẹbí nìyí. Dókítà náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ iṣan ju ẹyọ kan lọ: wọ́n lè la ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n sì lè fi kámẹ́rà kékeré yọ iṣan láti ojú ihò kékeré. Ó ní kí Bàbá lọ rò ó, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ni Bàbá bá fóònù sílé.

“Tíṣà,” ni wọ́n wí, “ìwọ lo kàwé nínú wa. Èwo ni kí n mú?”

“Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta,” ni mo dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Alágàárì, gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Kí ni wọ́n tún ń bi ọ́ sí?” ni Màmá wí. “Èyí tí ojú rẹ̀ kéré ni kí o mú. Ta ní í rí abẹ́rẹ́ tí í ní kí wọ́n fi àdá gún òun?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì gbà pé òótọ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó ti ìwé.

Ọ̀NÀ Ẹ̀BÙRÚ FÚN Ẹ̀JẸ̀

Irú iṣan méjì pàtàkì ló ń ru ẹ̀jẹ̀ nínú ara wa. Iṣan àlọ ń gbé e láti ọkàn lọ sí gbogbo ara; iṣan àbọ̀ ń dá a padà sí ọkàn. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ba ògiri iṣan àlọ jẹ́. Ọ̀rá àti ohun tó dà bí ẹfun a máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìpẹtà ti í lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi, títí ojú ọ̀nà yóò fi dí.

Bí igi ńlá bá wó dí ọ̀nà láàárín Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, dẹ́rẹ́bà tó mọ ilẹ̀ kì í jókòó ti igi. Yóò yà sí ọ̀nà oko kí ó tó dé ibẹ̀, yóò sì tún jáde sí títì níwájú. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í yọ ìdènà náà kúrò. Wọ́n á rán ẹnu iṣan kan mọ́ iṣan àlọ lókè ibi tó dí, wọ́n á rán ẹnu rẹ̀ kejì mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú náà kọjá.

Ará Faransé kan, Alexis Carrel, ló fi bí a ti ń rán iṣan mọ́ iṣan dáadáa han ayé ní ọdún 1902. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912. Ará Faransé mìíràn, Jean Kunlin, ló sì fi iṣan àbọ̀ ṣe irú ọ̀nà ẹ̀bùrú gígùn yìí sí ẹsẹ̀ ènìyàn ní ìlú Paris ní ọdún 1948.

Iṣan àbọ̀ tí ó lò ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Òun ló gùn jù nínú gbogbo iṣan àbọ̀ ara. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà inú ọrùn ẹsẹ̀, ó gba abẹ́ awọ lọ sókè títí dé ibi tí itan ti pàdé ikùn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, àwọn iṣan àbọ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún a máa dá ẹ̀jẹ̀ padà lọ, nítorí àwọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Alágàárì béèrè pé ṣé kò sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ni. Ó wà. Wọ́n ń fi ike ṣe irú páìpù bẹ́ẹ̀, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́ bí ọ̀nà náà kò bá kọjá orúnkún. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá orúnkún lọ sísàlẹ̀, iṣan ara ẹni ló ń pẹ́ jù kó tó dí, kòkòrò àrùn kì í sì í tètè fi í ṣelé bí ti ike.

ILẸ̀KÙN INÚ IṢAN

Ní ọdún 1628, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Harvey, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń yípo nínú ara, àti pé àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan àbọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìhà ọkàn ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń ṣí sí. Bí a bá wá fẹ́ kí iṣan náà máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ ẹ̀jẹ̀ lójú.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n ń dá sí i. Ọgbọ́n Kunlin ni kí wọ́n yọ iṣan náà, kí wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò: orí di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ di orí. Ilẹ̀kùn á wá máa ṣí sí ibi tí a fẹ́. Ọgbọ́n kejì ni èyí tí Karl Victor Hall ará Norway kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1962. Òun kò yọ iṣan náà kúrò ní ibùsùn rẹ̀ rárá. Orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tú láti rán. Wọ́n á wá ti irin kékeré kan bọ inú rẹ̀ láti gé àwọn ilẹ̀kùn náà, wọ́n á sì di àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà yà sọ́nà. Èrè èyí ni pé ibi tó nípọn lára iṣan náà yóò bọ́ sí ibi tí iṣan àlọ ti nípọn, ibi tó tín-ín-rín yóò sì bọ́ sí ibi tó tín-ín-rín.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi méjèèjì wéra. Kò sí èyí tó hàn gbangba pé ó ju èkejì lọ. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló jù.

Ọ̀NÀ MẸ́TA LÁTI YỌ Ọ́

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ iṣan náà jáde, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. N ó fi iṣu wíwà ṣe àpẹẹrẹ.

Àgbẹ̀ kan á tú gbogbo ebè ká, á rí iṣu láti orí dé ìdí, á sì gbé e jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀nà kìíní nìyí: wọ́n á la awọ ẹsẹ̀ gbọọrọ lójú kan ṣoṣo. Dókítà ń rí gbogbo iṣan náà, kò ní í fà á, kò ní í fipá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ gùn. Ó lè ṣe omi, ó lè kẹ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó jinná, pàápàá lára ẹni tó sanra tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Àgbẹ̀ kejì á gbẹ́ níbí, á gbẹ́ lọ́hùn-ún, á fi erùpẹ̀ àárín sílẹ̀. Ọ̀nà kejì nìyẹn: ojú abẹ kéékèèké bíi mélòó kan, tí awọ tí a kò là wà láàárín wọn bí afárá. Ọgbẹ́ rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n abẹ́ afárá ṣókùnkùn, bí dókítà kò bá sì ṣọ́ra, ó lè fa iṣan náà le jù.

Àgbẹ̀ kẹta á gbẹ́ ihò kan, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á sì fa iṣu yọ. Ọ̀nà kámẹ́rà nìyí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Wọ́n á la ibi kékeré kan nítòsí orúnkún, wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lórí bọ abẹ́ awọ, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí àyè lè wà, wọ́n á sì máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń gé àwọn ẹ̀ka iṣan, tí wọ́n sì fi ń dí ojú wọn. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, ìrora rẹ̀ kéré, aláìsàn sì máa ń tètè dìde. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá tíì mọ́ ọn, fífà àti ooru iná náà lè ṣe iṣan léṣe.

Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé iṣu tí àdá bá ti kàn, bó ti wù kó tóbi tó, kì í pẹ́ lábà kó tó jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan rí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí wọ́n bá fà á, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí tí wọ́n fi omi fẹ̀ ẹ́ jù, awọ náà yóò bó, ẹ̀jẹ̀ yóò dì síbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú náà á sì dí. Nítorí náà, kò tó kí a béèrè bí ojú ọgbẹ́ ara aláìsàn yóò ti tóbi tó. A ní láti béèrè bí iṣan náà yóò ti rí nígbà tó bá jáde. Èyí ni Ìyá Alágàárì àti gbogbo wa kò rò.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ SỌ?

Lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ni ìwádìí ńlá ti pọ̀ jù, nítorí iṣan ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ń yọ lò níbẹ̀. Ní ọdún 2009, wọ́n tẹ ìròyìn kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 3,000. Láàárín oṣù 12 sí 18, iṣan ti bàjẹ́ lára ìdá 46.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ tiwọn. Ti àwọn tí wọ́n la ẹsẹ̀ wọn jẹ́ 38.0. Ìròyìn yìí dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gègé ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn yẹn sí ọ̀nà méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ìwádìí mìíràn jáde láti ilé ìwòsàn 16 tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́tẹ̀ yìí, gègé ni wọ́n fi pín aláìsàn 1,150, àwọn ọ̀jáfáfá nìkan ni wọ́n sì gbà láàyè láti fọwọ́ kan iṣan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án, ikú àti àìsàn ọkàn kò fi ibì kan pọ̀ ju ibì kejì lọ lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí: 13.9 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀nà kámẹ́rà, 15.5 fún lílà. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tó kẹ̀ jẹ́ 1.4 fún kámẹ́rà, 3.1 fún lílà.

Ọ̀rọ̀ ọkàn nìyẹn. Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó lọ sísàlẹ̀ orúnkún gùn ju ti ọkàn lọ. Ìròyìn láti àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣan tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ fún ẹsẹ̀ ń dí ju èyí tí wọ́n la awọ yọ lọ. Àwọn mìíràn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn kan nínú wọn sọ ni pé ọgbẹ́ kámẹ́rà ń tètè jinná, àti pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ṣe pàtàkì púpọ̀.

Mo tún wò ó bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n yọ iṣan rárá, nítorí ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń ti wáyà àti bàlúùnù kékeré bọ inú iṣan tó dí láti là á. Ìwádìí tó jáde ní 2022 lórí aláìsàn 1,830 ní ilé ìwòsàn 150 fi hàn pé, láàárín àwọn tí iṣan àbọ̀ gígùn wọn dára, ìdá 42.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni gígé ẹsẹ̀, títún iṣẹ́ ńlá ṣe lórí ẹsẹ̀ tàbí ikú bá. Ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lo wáyà fún jẹ́ 57.4. Àmọ́ ní 2023, ìwádìí mìíràn tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, lórí aláìsàn 345 tí iṣan wọn dí nísàlẹ̀ orúnkún, sọ òdìkejì: gígé ẹsẹ̀ tàbí ikú bá 63 nínú ọgọ́rùn-ún níhà iṣẹ́ abẹ, 53 níhà bàlúùnù. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Bí iṣan bá dára, tí ara aláìsàn sì le, iṣẹ́ abẹ ní èrè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn lè sàn jù.

ÌBÉÈRÈ TÍ A FI RÁNṢẸ́

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo fóònù sí Bàbá. N kò sọ èyí tí wọn yóò mú. Èmi kọ́ ni oníṣẹ́ abẹ. Mo kọ ìbéèrè mẹ́rin fún wọn pé kí wọ́n mú un lọ bá dókítà.

Ìkíní: ṣé ẹ ti fi ẹ̀rọ wo iṣan mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, báwo ni ó sì ti nípọn tó? Àwọn dókítà fẹ́ kí ó tó mìlímítà 3 ó kéré tán. Ìkejì: nínú ọ̀nà wọ̀nyí, èwo ni ọwọ́ yín mọ́ jù, ẹsẹ̀ mélòó ni ẹ sì ti fi ṣe? Ìkẹta: pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tó wà lára mi, báwo ni ẹ ó ti tọ́jú ojú ọgbẹ́? Ìkẹrin: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbà wo ni ẹ ó máa yẹ iṣan náà wò kí ó má baà dí láìmọ̀?

Bàbá ní dókítà náà fara balẹ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀. Iṣan wọn nípọn tó. Ó ní ojú abẹ kéékèèké pẹ̀lú afárá ni òun ń lò fún ẹsẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Kámẹ́rà, díẹ̀ ni òun tíì fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ òun kan mọ̀ ọ́n, òun sì lè fi Bàbá ránṣẹ́ sí i. Bàbá yan ọ̀nà tí ọwọ́ dókítà náà mọ́.

N kò ní í pa irọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Wọ́n gé ìka tó ti dúdú náà. Ojú abẹ òkè itan ṣe omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì sì ń wá wẹ̀ ẹ́ nílé. Ọ̀nà kámẹ́rà ìbá ti lè yọ Bàbá nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ gbóná, egbò ìka sì jinná. Bàbá kò fi ẹnu kan sìgá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n wá sílé, wọ́n sì fi ọ̀pá rìn láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Alágàárì ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n wo àwọn àpá náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n mi orí.

“Wọ́n kúkú fi àdá gún ọ lóòótọ́,” ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n ní, “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.” Wọn kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ

Ẹ lè ní, “Tíṣà, Lọ́ńdọ̀nù lo ń sọ, ti wa ńkọ́?” Òótọ́ ni. Iṣẹ́ abẹ yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa jù ni pé a kì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúdú, tó sì ti ń rùn, kò sí iṣan tí a lè yọ tó lè jí i padà.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ àmì wọ̀nyí. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ro yín, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá dúró, ẹ má kàn pè é ní làkúrègbé. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín lóru lórí ibùsùn, bí ẹsẹ̀ kan bá tutù ju èkejì lọ, bí egbò kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ti rí egbò ní ẹsẹ̀ ni kí ó lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù, tó funfun, tó sì ń dùn gan-an, wákàtí ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ọjọ́. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù kò jìnnà sí wa. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le: wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ní apá, wọ́n á sì fi wéra. Bí ti ẹsẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti apá lọ dáadáa, nǹkan ń bẹ lọ́nà.

Ẹ má ki ẹsẹ̀ tó kú tipiri bọ omi gbígbóná, ẹ má sì fi ẹyin iná jó o. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó ń bó. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ máa wo inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti iṣẹ́ abẹ fún ẹni yín, nílé tàbí lókè òkun, ẹ má fi ojú ọgbẹ́ nìkan yan ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ béèrè bí wọn yóò ti mú iṣan náà, kí ẹ sì béèrè ta ni yóò mú un. Abéèrè kì í ṣìnà.